Kí A Tó Ra Ìkòkò Oníná Tí Ń Fi Ooru Omi Se Oúnjẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àbá tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín dá ní ojú ewé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, pé kò yẹ kí ilé kankan wà láìní ìkòkò oníná tí ń fi ooru omi se oúnjẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sítímà. N kò bá a jiyàn pé oúnjẹ tí a fi ooru omi sè dára fún ara. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí ó ṣe so ọ̀nà ìsè náà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, bí ẹni pé ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ kò lè jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ra tèmi. Mo ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń lò ó báyìí yàtọ̀ pátápátá sí ìdí tí mo fi rà á.

Ìlera ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ jù, irọ́ kọ́ sì ni. Fítámì C àti àwọn fítámì B a máa yọ́ sínú omi, nítorí náà bí a bá se ẹ̀fọ́ nínú omi tí a sì da omi náà nù, a ti da díẹ̀ lára àǹfààní ẹ̀fọ́ nù pẹ̀lú rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọ́ bá wà lókè omi, tí ó jẹ́ pé ooru nìkan ni ó ń kàn án, èyí tí yóò ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì gba òróró. Àmọ́ gbogbo èyí, iṣẹ́ ooru ni, kì í ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Omi tí ń hó nínú ìkòkò lásán lórí gáàsì kò gbóná ju ìwọ̀n 100 ti Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó wà nínú sítímà, nítorí pé ọmọrí rẹ̀ kò dé pinpin débi tí ooru yóò fi há mọ́nú. Ajere onírin kékeré kan tí a gbé sínú ìkòkò tí ó ní ọmọrí yóò se káróòtì kan náà jinná ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ara ẹran pọ́n, kí ó máa dún kàràkàrà lẹ́nu, kò ní rí i nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí pé pípọ́n ẹran ń fẹ́ iná tí ó gbóná ju 100 lọ dáadáa.

Kí wá ni ẹ̀rọ náà ń tà fún wa? Aago ni, àti àyè láti kúrò nílé ìdáná. Kí n tó rà á, ajere ni mo ń gbé sínú ìkòkò, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì lè ju ìbú ìka méjì lọ, torí pé bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ yóò kan oúnjẹ. Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wa gùn, òórùn ni ó sì pè mí padà. Omi ti gbẹ tán, ìdí ìkòkò ti dúdú, ẹsẹ̀ kékeré mẹ́ta tí ajere fi dúró ti lẹ̀ mọ́ ọn, káróòtì tí ó wà lókè sì ń rùn bí igi tí iná jó. Sítímà tí ó bá ń paná fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbẹ kò ní jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní “tí ó bá ń paná”. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tún wò ó nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, nítorí pé kò sí ọlọ́jà tí í pe ọjà rẹ̀ ní èyí tí kò dára.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹrajà tẹjú mọ́ jù lọ ni ìdí ẹ̀rọ náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye wáàtì rẹ̀ sí, kí ó sì wo iye omi tí àgbá rẹ̀ ń gbà. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó jẹ́ 800 wáàtì. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú 7 kí ó tó mú lítà omi tútù kan hó. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí gíráàmù 21 ni yóò máa sọ di ooru ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé kí ìṣẹ́jú 50 mìíràn tó pé, lítà kan ti tán. Omi tí ó bá sì ti di ooru kì í padà sínú àgbá. Èyí tí kò bá fẹ́ lọ, inú àwo tí ó wà fún omi tí ń kán ni ó ń bọ́ sí. Síbẹ̀ ẹ ó rí ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú 60, tí àgbá rẹ̀ kò sì gba lítà kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ó ní láti dìde lọ bomi sí i láàárín, àyè tí ẹ rò pé ẹ rà kò sì pé lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyí tí mo fi ka ojú ihò ẹ̀gbẹ́, èyí tí a lè gbà bu omi sí i láìgbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀, sí ju gbogbo iná wínníwínní tí ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ lọ. Ní ti owó iná, kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù: ìdajì wákàtí lórí 800 wáàtì kò ju 0.4 yúníìtì lọ.

Ọ̀rọ̀ àjà mẹ́ta tí wọ́n fi ń yangàn ńkọ́? Òótọ́ ni pé a lè to oúnjẹ mẹ́ta léra, ṣùgbọ́n àjà ìsàlẹ̀ ni ooru kọ́kọ́ ń kàn, èyí tí ó wà lókè pátápátá a sì máa pẹ́ kí ó tó jinná. Omi ara oúnjẹ òkè sì ń kán sórí ti ìsàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ra tèmi, mo fi ẹja sókè, mo fi káróòtì àti ọ̀dùnkún sísàlẹ̀. Ẹja ni gbogbo wa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, títí kan ọmọ tí ó ní òun kò jẹ ẹja. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ni ẹja ń gbé.

Fífọ̀ rẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń sọ. Bí omi ilé yín bá le, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ èépá funfun yóò bo irin tí ń gbé ooru jáde, bíi ti ìdí kẹ́tùlù, ooru kò sì ní tètè dé mọ́. Fínígà tí a bu omi là, tí a fi rẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, máa ń ká a kúrò. Ajere mẹ́ta, ọmọrí, àwo omi àti abọ́ ìrẹsì tún wà láti fọ̀, láti sá gbẹ, àti láti wá àyè fún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ajere náà bá jẹ́ ike, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò ní BPA, èròjà kan tí wọ́n fi ń ṣe irú àwọn ike kan, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù lé kúrò nínú ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ní 2011, tí Amẹ́ríkà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012. Èmi ì bá ra onírin, ká ní mo mọ̀ nígbà náà.

Kí n má gbàgbé: ẹ máa kọ ẹ̀yìn ọmọrí sí ara yín nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, kí ooru lè gba ọ̀nà iwájú jáde. Ooru omi tí ó bá kan awọ ara máa ń jóni ju omi gbígbóná lọ, nítorí pé bí ó ti ń padà di omi ni ó ń já gbogbo iná tí ó gbé dání sílẹ̀. Àpá rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ mi.

Lójú tèmi, ẹni tí ó ń fi ooru se oúnjẹ ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí kò sì lè dúró ti iná kò ní kábàámọ̀ pé òun rà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń dà láàmú, tàbí ẹni tí ojú iná kan ṣoṣo wà nílé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀rọ ìsèrẹsì tí wọ́n fi ajere lé lórí ti ní sítímà nílé láìmọ̀. Ẹni tí kò bá sì dá a lójú, kí ó ra ajere onírin lásán, kí ó lò ó fún oṣù kan, kí ó máa sàmì sára kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ tí ó bá lò ó. Bí àmì náà kò bá pé márùn-ún, ẹ̀rọ oníná kò ní sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Mo bẹ òǹkọ̀wé yín pé bí ó bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó jọ̀wọ́ sọ iye omi tí àgbá tirẹ̀ ń gbà fún wa, àti iye ìgbà tí ó tan ẹ̀rọ náà ní oṣù tí ó kọjá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́