Ẹ̀sùn lórí fáàfù gáàsì àti súìsì ìtanná tí ẹ kò tíì ṣe parí

Agbègbè Under G,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí ẹ bá ń ṣe é.

N kò ní í tún sọ irú ààrò gáàsì tí mo rà lọ́wọ́ yín fún àgbàlá mi tàbí iye tí mo san, nítorí mo ti ka nọ́ńbà rísíìtì náà fún àwọn òṣìṣẹ́ yín títí tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí ju nọ́ńbà fóònù ara mi lọ. Ẹ gba owó kí ọyẹ́ tó dé, ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ báyìí, síbẹ̀ tí mo bá tẹ súìsì, iná yóò gbà, bí mo bá sì ti ju fáàfù sílẹ̀, yóò kú.

Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ rán wá lẹ́ẹ̀kejì kò mú sípánà dání. Mo yá a ní tèmi, ó fi de ìdí fáàfù, ó da omi ọṣẹ sí i, èmi àti òun sì jọ rí i tí ó ń yọ ìfófòó. Ó ní, "Kékeré ni, màmá, yóò di fúnra rẹ̀." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Sípánà mi ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ǹ bá ti pe oníṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn yín ni ó ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgbà 11 ni mo pè yín. Ọmọbìnrin tí ó gbé fóònù lọ́jọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí ó fi ní, "Ṣé o ò ní ìṣáná nílé ni? Fi ìṣáná tàn án, kí àwa náà sinmi." Ó ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi àti òun jọ ṣeré òṣùpá. Mo dúró bóyá yóò rẹ́rìn-ín, kí n mọ̀ pé àwàdà ni, àfi bí ó ṣe gé fóònù. Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tí ó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ni í rọ̀gún sí, kòtò ààrò tí ẹ gbẹ́ sì ni ìsàlẹ̀ jù lọ nínú àgbàlá tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yín ní kí n ṣá iná sí. Mo ti ti ẹnu sílíńdà pa.

Ọ̀gá ọmọbìnrin náà pè lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ mí dáadáa (ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn), ó ní oníṣẹ́ yóò dé láàárín wákàtí 48. Mo jókòó sílé fún ọjọ́ méjì gbáko, n kò lọ sí ọjà, n kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó dé dípò oníṣẹ́: "A ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní máàkì láti 1 dé 5." Bí ẹ bá ní èyí tí ó kéré ju 1 lọ, ẹ fi ránṣẹ́.

Mo fún yín ní ọjọ́ 7. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá pààrọ̀ fáàfù náà, kí ó sì fi omi ọṣẹ dán an wò lójú mi, tàbí kí ẹ dá gbogbo owó mi padà. Kí ọmọbìnrin yẹn pè mí fúnra rẹ̀, kí ó sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí n kò rí yín, ẹ̀sùn yìí yóò dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́.

Kí ẹni tí ń bọ̀ mú sípánà mi dání.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí ẹ ti "yanjú" ẹ̀sùn rẹ̀.