Àbúrò mi gba àmì ẹ̀yẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni London? Ṣé àwọn ọmọ ti ń jẹ́ kí o sùn lóru? Àárò rẹ sọ mí gan-an ní Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi gba àmì ẹ̀yẹ olórin tuntun níbi ìdíje kan níbí n'Ìbàdàn. Ọmọ tó ń lu ike omi kiri àgbàlá, tí ìyá rẹ máa ń lé kúrò lẹ́yìn fèrèsé yín! Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ká ní o wà níbẹ̀, tìẹ ì bá ju tèmi lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti gbà pé owó ti dé. Bọ̀dá wa ti ń bèèrè ìgbà tí yóò tún òrùlé ilé Bàbá ṣe. Owó wo? Ife ẹ̀yẹ àti fọ́tò ló gbé bọ̀ wálé.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, Next Rated, àmì ẹ̀yẹ olórin tuntun níbi ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ orin Headies, ni wọ́n á fi dá mi lóhùn: ṣebí Wizkid gbà á ní 2011, Davido gbà á ní 2012. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Skuki tó gbà á ní 2010. Sean Tizzle tó gbà á ní 2013 ńkọ́, tí a jó orin rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi wú níbi ìgbéyàwó rẹ? Nígbà tí Reekado Banks sì gba ti 2015, ṣé o rántí bí o ṣe bá mi jà nítorí Lil Kesh tí kò rí i gbà? Asake ní tirẹ̀ ti kó èrò kún inú O2, gbọ̀ngàn ńlá yín ní London, ní oṣù kẹjọ 2023 kí wọ́n tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ náà ní oṣù kẹsàn-án. Èrò ti mọ̀ ọ́n kí àmì ẹ̀yẹ tó bá a.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí. Ilé iṣẹ́ kan ti gbé ìwé àdéhùn wá, wọ́n ní kó bu ọwọ́ lù ú kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Gbogbo orin tó bá gbà sílẹ̀, tiwọn ni títí ayé. Owó sítúdíò, owó fídíò, títí kan owó aṣọ, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó tirẹ̀ kó tó rí kọ́bọ̀. Wọ́n tún ń fẹ́ ìpín nínú owó òde. Ọmọ náà ní bí òun bá fi falẹ̀, àwọn èèyàn á gbàgbé òun. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí kò parọ́.

Màmá ń kí ọ, orúnkún wọn ti sàn díẹ̀. Mo ti kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Mókọ́lá.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, kí wọ́n fi ojú lọ́yà wo ìwé náà kó tó di Jímọ̀. N ó ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀, n ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ yìí. Tí wọ́n bá rí ohun tí kò dáa níbẹ̀, kí wọ́n pe àbúrò mi fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ wọn á wọ̀ ọ́ létí ju tèmi lọ.

Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́