Lẹ́tà sí Màámi: Ẹ bá mi wo ìwé eré yìí

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Mo mọ̀ pé Akin ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí, nítorí náà: Akin, má fo ìlà kankan, pàápàá ibi tí mo ti máa bá ọ wí.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Òjò Manchester ò dá, ẹ ti gbọ́ ìyẹn rí. Mo kọ̀wé dípò kí n pè yín nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀.

Fíìmù ni mo ń kọ. Ẹ má tíì pariwo. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń wò mọ́jú, tó ní apá kìíní, tó ní apá kejì. Kékeré ni. Àwọn tó ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ Oscar gbà pé fíìmù tí kò bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tó máa ń wọ́ kọjá níparí, fíìmù kúkúrú ni. Tèmi ò ní ju ìṣẹ́jú 7 lọ. Ojú ìwé kan ni wọ́n máa ń kà sí ìṣẹ́jú kan tí èèyàn bá fi irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Courier, ìwọ̀n 12, tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé 7 sì ti tó ẹni tí ò ṣe é rí. Owó ọwọ́ mi náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn náà dá lórí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó gbé kòkó àkọ́kọ́ tó dá sá lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń rà á, ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e. Bàbá náà fẹ́ fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹ jẹ.

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ti dákẹ́ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ni mo ti mú un. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì jẹ́ kí bàbá inú eré jọ bàbá ọjọ́ yẹn: mo sọ ọ́ di ẹni gíga tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi sílẹ̀, inú mi ò ní bàjẹ́. (Ó máa bàjẹ́ díẹ̀.)

Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nìkan lèèyàn lè kọ. Lókè ìran kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ bóyá inú ilé ni tàbí ìta, ibi tó jẹ́, àti bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Kámẹ́rà ò rí inú èèyàn. Mi ò lè kọ ọ́ pé “ó ń rántí ọkọ rẹ̀” kí oníkámẹ́rà wá lọ ya ìrántí. Àfi kí n wá ohun tí obìnrin náà máa fọwọ́ ṣe. Èyí ni mo kọ:

ÌTA. Ẹ̀YÌNKÙLÉ. ÀÁRỌ̀.
Bàtà róbà oko, ti ọkùnrin, wà lẹ́bàá ògiri. ÌYÁ DÚPẸ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tóbi. Ó yọ ẹsẹ̀, ó fa àkísà ya sí méjì, ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sí imú bàtà. Ó tún un wọ̀. Ó gbé àpò kòkó.

Kò sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́ pé ọkọ dà.

Akin, ó kàn ọ́. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. O fẹ́ pásítọ̀, o fẹ́ ìyá ọkọ tó jẹ́ àjẹ́, o fẹ́ ọlọ́pàá, o tún fẹ́ kí opó náà máa ṣẹ́ èpè lé bàbá yẹn lórí fún odidi ojú ìwé kan. Ta ló máa bọ́ gbogbo wọn? Ta ló máa san owó ọkọ̀ wọn? Èèyàn mẹ́ta, ibi méjì, ojúmọmọ nìkan. Tó bá di alẹ́, a ó yá iná, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì á sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mì. Èèyàn lè fara mọ́ àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbọ́ ohùn, wọ́n á dìde.

Wọ́n tún ní kéèyàn wọnú ìran nígbà tó bá ti gbóná, kó jáde kó tó tutù. Wàhálà ni fún wa. Bí mo bá jẹ́ kí opó yẹn àti bàbá náà kíra wọn bí wọ́n ṣe ń kíra ní Oǹdó, tilé toko, tọmọ tẹbí, ìṣẹ́jú méjì ti lọ nínú méje. Nítorí náà, nígbà tá a máa rí wọn, àpò ti wà lórí òṣùwọ̀n. Màámi, ẹ má sọ pé mi ò kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá ní kòkó ò gbẹ, òun máa yọ kílò kúrò. Opó ò fèsì. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí etí bàbá náà, ó fún un pọ̀ mọ́wọ́. Ó ń dún ṣákáṣákà, bí kòkó tó gbẹ ṣe ń dún. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Mi ò mọ bó ṣe parí, torí pé lọ́jọ́ yẹn ẹ ní kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí lẹ sọ fún un? Ṣé ẹ gba owó yẹn, àbí ẹ gbé kòkó yín padà? Ẹ tún bá mi sọ èyí: ọjọ́ mélòó lẹ máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí ẹ tó sá a? Ìwé sọ pé márùn-ún sí méje, tiyín ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń yí i lórí sìmẹ́ńtì àbí igi? Kí lẹ máa ń sọ fún àwọn adìẹ?

Mo fẹ́ kí wọ́n sọ èdè Oǹdó gidi. Akin á ka ọ̀rọ̀ wọn fún yín; ibi tí kò bá ti dùn mọ́ yín lẹ́tí, ẹ tún un sọ. Oṣù Kejìlá ni mo ń bọ̀, nígbà tí kòkó bá wà nílẹ̀ tí oòrùn ọyẹ́ sì ń ràn. Ẹ̀yìnkùlé wa náà la máa lò.

Akin, fi fóònù gba ohùn Màámi sílẹ̀. Má dá wọn lẹ́nu. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, ti dátà wà níbẹ̀, ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló pọ̀ jù, má pààrọ̀ wọn.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Táyọ̀ àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀