Lẹ́tà sí àbúrò mi tó tú foxfire sí "iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀"

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí o bi mí lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí là ń pe foxfire ní Yorùbá?", ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo sì fèsì láìronú: "Fox ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, fire ni iná." O gbà mí gbọ́ torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, torí pé Georgia, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo ń gbé. Àwọn tó gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fún ọ dá a padà, wọ́n sì yọ nínú owó rẹ. O ò bínú sí mi rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Foxfire ni wọ́n ń pe ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lára igi jíjẹrà lóru. Mo lọ wò ó fúnra mi. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wakọ̀ lọ sí Rabun County, ní àríwá Georgia, láàárín àwọn òkè Appalachia. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. A wọ inú igbó lálẹ́, a pa fóònù, a jókòó. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí n kò rí nǹkan kan, àní ọwọ́ ara mi. Ìgbà tó yá, ìdí kùkùté kan bẹ̀rẹ̀ sí í funfun díẹ̀díẹ̀, bíi pé wọ́n da eérú sí i. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà ní àwọ̀ ewé tútù. Mo ya èèpo igi jíjẹrà kan níbẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò pa, mo sì ń rí etí èékánná mi lára rẹ̀.

Olú ló ń ṣe é, pàápàá àwọn okùn wẹ́wẹ́ tí olú fi ń jẹ igi láti inú. Èròjà tí wọ́n ń pè ní luciferin ló wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un tàn. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tanátaná ń lò. Ní 1775, David Bushnell ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi tó sọ ní Turtle, fún ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Kò lè tan àbẹ́là nínú rẹ̀, torí àbẹ́là á jẹ afẹ́fẹ́ tí awakọ̀ fẹ́ mí. Igi yìí ló fi sára abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kí wọ́n lè rí i nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín mú, igi náà kọ̀, kò tàn mọ́.

Ibi tí mo ronú dé nìyí: "iná" tí mo sọ fún ọ kò burú. Gẹ̀ẹ́sì ló ní láti yá fire lò fún ohun tí kò gbóná. Àwa ò yá nǹkan kan. Èyí tó ń se ọbẹ̀, iná ni. Èyí tó wà nínú gílóòbù, iná ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Tiwa, adìyẹ ló ń gbé, ta ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ olú?

Ní Japan ni ìtumọ̀ tí mo fún ọ ì bá ti bá a mu wẹ́kú. Kitsunebi, iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ni wọ́n ń pe ìmọ́lẹ̀ àràmàǹdà tó ń hàn lóru nínú ìtàn wọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n sì gbà pé ó ń tan iná náà lóòótọ́. Hiroshige, ayàwòrán ará Japan, ya àwòrán àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ní 1857, bí wọ́n ṣe péjọ sábẹ́ igi kan ní Ōji lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Àwọn àgbẹ̀ a máa wo iná wọn láti mọ bí ìkórè yóò ṣe rí. Ní Finland, revontulet, iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mèremère tó ń jó lójú ọ̀run àríwá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Firefox orí kọ̀ǹpútà rẹ kò sí nínú èyí. Ẹranko kan ní Éṣíà, red panda, ni Mozilla fi sọ orúkọ yẹn ní 2004.

Gbólóhùn tí wọ́n ní kí o tú wá ńkọ́? Mo tún un kà lánàá. Kò sọ nípa olú rárá! Ó ní Foxfire kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi ìtì igi kọ́lé. F ńlá ni. Ìwé ìròyìn ni, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Rabun Gap bẹ̀rẹ̀ ní 1966 pẹ̀lú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, Eliot Wigginton. Wọ́n ń lọ bá àwọn àgbàlagbà orí òkè, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, bí wọ́n ṣe ń pa ẹlẹ́dẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi òṣùpá mọ ìgbà gbíngbìn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1972 ó di ìwé tí wọ́n rà káàkiri Amẹ́ríkà. Ìmọ́lẹ̀ inú igbó wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì wú mi lórí púpọ̀ pé igi tó ti gbó ni wọ́n rò ó mọ́.

Ó yẹ kí n ti béèrè gbólóhùn náà lọ́wọ́ rẹ kí n tó lanu. Fi Foxfire sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o fi "ìwé ìròyìn" ṣáájú rẹ̀. Níbi tí olú bá ti jẹ yọ, kọ "igi jíjẹrà tó ń tan iná lóru".

Owó tí wọ́n yọ ti wà nínú àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí. Jọ̀wọ́, má dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.