Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó fi píkọ́ọ̀pù àti kámpà sílẹ̀ fún mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìwé píkọ́ọ̀pù yín ti di orúkọ mi. Ìyàwó yín ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwé náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì: ti ọkọ̀ àti ti ilẹ̀kùn kámpà, ilé kékeré tí a ń gbé lé ẹ̀yìn ọkọ̀ láti máa sùn sí lójú ìrìn àjò. Kọ́kọ́rọ́ kámpà ni ẹ so okùn pupa mọ́ nítorí pé ẹ máa ń ṣì í mú. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró sójú kan títí táyà rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wà á, tí mo sì ń bá yín jiyàn nínú rẹ̀, èmi nìkan, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò parí nígbà tí ẹ wà láyé.

Ẹ máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ yìí kì í rọ̀ àfi bí a bá gbé kámpà lé e lẹ́yìn, pé ẹni tó bá wà á lófìfo nìkan ni yóò bú u. Nígbà náà, mo rò pé ìfẹ́ tí ẹ ní sí ọkọ̀ yín ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní báyìí tí mo ti wà á lófìfo, tí mo sì ti wà á pẹ̀lú ẹrù, mo gbà pé ẹ jàre, ó kéré tán ní apá kan. Ẹrù ni àwọn tó ń ṣe irú píkọ́ọ̀pù ńlá báyìí kọ́kọ́ ń rò, kí wọ́n tó ro ti ẹni tó jókòó. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra tí wọ́n sì dè pọ̀, tí ó sì le tó láti gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn, agbára káká ni irin náà fi ń tẹ̀. Kòtò kékeré tí ọkọ̀ mìíràn yóò gbà mọ́ra, tiwa yóò gbé e wá tààrà sí ìdí ẹni tó jókòó, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò sì fò bí ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ẹ̀yin náà tún máa ń fi atẹ́gùn 80 psi (psi ni ìwọ̀n líle atẹ́gùn inú táyà) sí táyà ẹ̀yìn, yálà ẹrù wà tàbí kò sí, nítorí pé iye yẹn ni wọ́n kọ sára táyà gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù tí ó lè gbà. Mo ti dín in kù fún ìgbà tí kò bá sí ẹrù, gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn tó ṣe táyà náà, èyí tó ń fi atẹ́gùn wé ìwúwo, ti là á sílẹ̀. Ẹ má bínú.

Kámpà náà wọn nǹkan bí 1,500 kílò kí a tó da omi sí i, kí a sì tó kó abọ́ àti aṣọ wọlé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó lórí ọkọ̀, sípíríǹgì yóò tẹ̀ dé ibi tí wọ́n ṣe é láti máa ṣiṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí ìwúwo tó wà lórí sípíríǹgì bá di ìlọ́po méjì, tí líle sípíríǹgì náà kò sì yí padà, iye ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ sókè sódò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 71 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀. Ìgbọ̀n sókè sódò tó ń wáyé ní ìgbà 4 sí 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó máa ń ni ara ẹni tó jókòó lára jù. Bí ìgbọ̀n náà bá sì ṣe lọ́ra tó ni ó ṣe ń jìnnà sí eegun ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà rọ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ẹni tó tàn yín. Àwọn píkọ́ọ̀pù kan wà tí sípíríǹgì ẹ̀yìn tiwọn jẹ́ irin tí a wé róbótó, bí irú Ram 2500 láti ìgbà tí wọ́n ti yí i padà ní ti ọdún 2014, àwọn wọ̀nyẹn sì máa ń ṣe jẹ́jẹ́ ju tiwa lọ lófìfo, ṣùgbọ́n ẹ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ ẹlòmíràn rí.

Ṣùgbọ́n Màmá sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ẹ rántí ọ̀nà òkè náà, tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí oríkèé, ìyẹn ibi tí kọnkéré ti pàdé kọnkéré, pọ̀ nínú rẹ̀. Màmá wà lẹ́yìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Inú yín dùn. Ẹ fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, “Ìwọ náà sọ òótọ́, ṣé o gbọ́ kòtò kankan?” Mo ní ọkọ̀ ń fì jù. Ẹ ní ẹ̀rù ló ń bà mí, pé n kò mọ ọkọ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀yìn: “Ọmọ mi, dúró, jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀.” Ẹ dá wọn lóhùn pé a ò ní pẹ́ débẹ̀ mọ́. Wọ́n tún un sọ. Ẹ dín eré kù, ṣùgbọ́n ẹ kò dúró títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti gbòòrò. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n sì kọ̀ láti padà wọlé. Bọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá ni èmi àti wọn wọ̀, ẹ̀yin sì ń tẹ̀ lé wa. Mo ń wò yín láti fèrèsé ẹ̀yìn. Ẹ kò rí ara yín lọ́jọ́ náà. Èmi rí yín. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá yí, kámpà náà yóò kọ́kọ́ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fì sọ́tùn-ún, yóò fì sósì, yóò sì tún fì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọkọ̀ ti jáde kúrò nínú kọ́nà pátápátá. Màmá kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi papò dà, ẹ̀yin náà kò sì dárúkọ ọjọ́ náà mọ́. Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n níbi ìsìnkú wọn, ojú ọ̀nà òkè yẹn nìkan ni èmi ń rí.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yin àti Màmá ń wọ̀n nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹ̀yin ń fetí sí kòtò, kò sì sí kòtò. Màmá ń fi inú wọn gbọ́ ìfì. Ẹrù tó mú kí sípíríǹgì rọ̀ náà ni ó mú kí agbára ṣọ́ọ̀kì kéré sí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ìfòsókè-sódò tí sípíríǹgì bá bẹ̀rẹ̀, èyí tó sì bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kò le tó láti dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró. Lórí oríkèé kọnkéré, imú ọkọ̀ a máa lọ sókè sódò, a sì tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí oríkèé ti kọjá. Kámpà náà tún ga, ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sílẹ̀, nítorí náà kọ́nà tí píkọ́ọ̀pù òfìfo yóò gbà láìmi ara, tiwa yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀. Ẹni tó di sítíárìn mú mọ kọ́nà kí ó tó dé. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tí kò rí ju ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kò lè mọ̀. Mímì tó lọ́ra gan-an, tí kò pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ni ó ń da inú rú, bí ó ti ń ṣe àwọn tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, irú mímì bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ń fún ọkọ̀ tó ga tó sì wúwo.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ lọ ra àpò atẹ́gùn tí wọ́n ń fi sáàárín fírémù àti ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, ẹ sì fẹ atẹ́gùn sí i títí ìdí ọkọ̀ fi ga. Ẹ rò pé ẹ ti tún un ṣe. Ó gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, iná iwájú kò sì tàn sójú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ráhùn nípa ìdí ọkọ̀? Ọkọ̀ le padà bí ìgbà tí ó wà lófìfo, ìfì sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba atẹ́gùn tí yóò mú ọkọ̀ dọ́gba ni ó yẹ. Ohun tó bá lé ní ìyẹn, ara ènìyàn ni yóò san án. Ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì àti ṣọ́ọ̀kì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó ń dùn mí pé ẹ náwó sí i, ẹ sì fi gbogbo ọjọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lọ bá Màmá kí ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni ó ṣe yín gan-an?” Bóyá wọn ì bá ti sọ fún yín.

Mo tún rí nǹkan mìíràn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń ṣe píkọ́ọ̀pù tó lè gbé kámpà sọ fún ẹni tó rà á ibi tí àárín ìwúwo ẹrù náà gbọ́dọ̀ wà. Níwájú ọ̀pá táyà ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, sítíárìn yóò sì dà bí ohun tí kò di nǹkan kan mú. Mo wọn tiwa. Ó wà níwájú, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni, nígbà tí táńkì omi bá ṣófo. Ẹ̀yìn pátápátá ni táńkì náà wà, ó sì ń gba 150 lítà, ìyẹn 150 kílò. Bí ó bá kún dé ìdajì, omi inú rẹ̀ pẹ̀lú yóò máa lọ yóò máa bọ̀ ní ti ara rẹ̀. Ǹjẹ́ omi wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè dáhùn.

Ní ti èmi, eegun ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Dókítà ní kí n yẹra fún ohun tó ń gbọ̀n mí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí nìkan ni mo ní, mo sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́ lófìfo. Láìpẹ́ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámpà sílẹ̀ lórí rẹ̀ láti lè rí ìsinmi díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín, epo ń lọ bí ohun tí a dà sílẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè gbé e sí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbójú wo òkè. Ìyá àwọn ọmọ mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Màmá sọ gan-an ni ó sọ, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tó sọ ìtàn náà fún un rí. Mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ẹrù àti omi, ó sì ti kọjá iye ìwúwo tí àkọlé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ fàyè gbà, èyí tí àpò atẹ́gùn yín kò lè fi kílò kan kún. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò sọ fún mi. Ṣe ni ó ń rọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi ìdí nìkan mọ ọkọ̀ lè kọjá ààlà, kí ó máa yin ọkọ̀, títí sípíríǹgì yóò fi tẹ̀ tán tí irin yóò fi kan irin.

Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì tí a lè fi ọwọ́ yí kí ó le tàbí kí ó rọ̀, mo sì ti yọ ìdajì ohun tí ẹ kó sínú àpótí kámpà kúrò, títí kan àwọn irinṣẹ́ wúwo wọ̀nyẹn tí ẹ kò lò rí. Ìyàwó yín ní bí mo bá fẹ́ ta kámpà náà, òun kò ní bínú. Àkọ́bí yín kò gbà. Ó ní ọ̀nà òkè yẹn ni òun fẹ́ kí a gbà, kí òun lè mọ bí ó ti máa ń rí fún bàbá òun. Mo ti gbà láti mú un lọ, ṣùgbọ́n iwájú ni yóò jókòó, omi kò ní sí nínú táńkì, bí ó bá sì ní kí n dúró, màá dúró.

Èmi ni àbúrò yín.