Súùmù 350 tí ẹ kọ yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn.

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí kámẹ́rà fídíò kékeré tí wọ́n ń pè ní Sony HDR-CX405, níbi tí ẹ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa ya ìnáwó ilé ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ rà á torí súùmù ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, dé ìlọ́po 350. Ẹ má bínú, mo ní láti dá sí i, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, mo ti ń ya fídíò ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìsọmọlórúkọ n'Ìbàdàn yìí látìgbà tí a ṣì ń gbé kámẹ́rà VHS lé èjìká bí ẹni ru igi ìdáná, èjìká ọ̀tún mi ò tíì dárí jì mí dòní.

350 yẹn, lẹ́ǹsì kọ́ ló ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà ló kàn ń gé àárín àwòrán tó ń fẹ̀ ẹ́, bí ìgbà téèyàn mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ di kàlẹ́ńdà, ẹ ti mọ bí ojú onítọ̀hún á ṣe rí. Èyí tí lẹ́ǹsì fúnra ẹ̀ ń ṣe, tí gíláàsì inú ẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, 30 ni. Ó tún ní ọ̀kan láàárín méjèèjì tí wọ́n ń pè ní Clear Image Zoom tó dé 60, ìyẹn ṣì ṣeé wò tí ìmọ́lẹ̀ bá wà dáadáa. Kì í ṣe pé 30 kéré o! Ẹ lè dúró lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn kẹ́ ẹ mú òrùka lọ́wọ́ ìyàwó, kò sí fóònù lásán tó lè bá a ṣe é, àmọ́ ẹ gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, torí tẹ́ ẹ bá súùmù dé ìdí, èémí tẹ́ ẹ ń mí gan-an á máa mi àwòrán. Canon náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, páálí Legria HF R806 tiwọn kọ 1140 gàdàgbà, ti lẹ́ǹsì ibẹ̀ ò ju 32 lọ. Ọ̀kan náà sì ni mẹ́gàpíkísẹ̀lì 9.2 tẹ́ ẹ yìn, ìyẹn mílíọ̀nù ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, fọ́tò ni wọ́n ń kà síbẹ̀, fídíò Full HD ò ju 1920 sí 1080 lọ, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, mílíọ̀nù 2 lé díẹ̀ ni, kí la fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Ohun tí páálí ò ní kọ gàdàgbà ni bí sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣe tóbi tó. Ti CX405 yìí, 1/5.8 ínǹṣì ni wọ́n pè é, kò tó èékánná ọmọ tuntun. Lọ́sàn-án gangan kò burú rárá, ó mọ́, ó dán, ara ìlú á yìn yín. Àmọ́ ìnáwó tiwa kì í parí lọ́sàn-án, ṣé ẹ mọ̀, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán tó ku gílóòbù méjì tí jẹnẹrétọ̀ ń fà ni olórin máa ń jí, ìgbà yẹn náà làwọn èèyàn ń náwó, gbogbo àwòrán á wá máa hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i. Ti léèsì funfun tún wà níbẹ̀. Ìyàwó wọ funfun, ó dúró sínú oòrùn, kámẹ́rà rí funfun yẹn ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù, ojú ìyàwó tí wọ́n fi wákàtí méjì kun wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ wọ inú ménù kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, kí léèsì funfun jù díẹ̀, ojú lẹbí fẹ́ rí.

Èyí tó tún yẹ kẹ́ ẹ kọ tí ẹ ò kọ ni ti iná 50 àti iná 60. Àbúrò màmá mi tó wà ní Houston fi kámẹ́rà kékeré kan ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí ẹjọ́ wọn kọ́. Inú mi dùn, mo gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, nínú pálọ̀ tí wọ́n tan iná funfun gígùn sí, bí mo ṣe débi tí mo ti fẹ́ gé fídíò ẹ̀ fún wọn ni mo rí i pé gbogbo ẹ̀ ń ṣẹ́jú, ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, bíi pé iná fẹ́ lọ. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ó já bọ́ lọ́nà ni, mo tiẹ̀ pe àǹtí mi lóru, mo fẹ̀sùn kan ẹni tó bá wọn gbé e wá. Àṣé iná wa ni. Iná Nàìjíríà, 50 Hz ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àlọ kan àbọ̀ kan, iná gígùn yẹn wá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100, ojú wa ò rí i, iná Amẹ́ríkà 60 ni, kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún wọn sì ń ya àwòrán 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Tí kámẹ́rà bá gbà kẹ́ ẹ yí ṣọ́tà, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa ojú dé lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, wàhálà tán, àmọ́ ọ̀pọ̀ kékeré yìí ló ní òun nìkan lòun á máa yàn án. Ẹni tó ní èèyàn ní London kó ní kí wọ́n rà á níbẹ̀, 50 làwọn náà ń lò bíi tiwa, àwọn Dubai náà bẹ́ẹ̀.

Ohùn ńkọ́? Ibi tí mo ti máa ń bínú nìyí. CX405 ò ní ihò máìkì, kò sí níbì kankan lára ẹ̀, èyí tó wà nínú ẹ̀ ló ń gbọ́ gbogbo nǹkan, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń gbé ohùn sókè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí alága ìdúró bá ń sọ̀rọ̀, ó dáa. Bí gángan bá ti dún gbì kan báyìí, kámẹ́rà á rẹ ohùn sílẹ̀, alága á di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga, ìgbà tí ohùn bá fi máa gòkè padà ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín tán. Canon tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ní ihò máìkì, fún èmi tó ń ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn nìkan ti tó kí n yàn án. Ẹni tó bá ti ra Sony, kó fi fóònù sí àpò pásítọ̀ kó máa gba ohùn lọ, kó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kó tó bẹ̀rẹ̀, ibi àtẹ́wọ́ yẹn lẹ máa fi so ohùn àti àwòrán pọ̀ tẹ́ ẹ bá délé.

Káàdì: tẹ́ ẹ bá fi í sí XAVC S, ọ̀nà ìgbà fídíò rẹ̀ tó ń lo 50 mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan á jẹ GB 22 ó lé, 64 ò lè gbé yín dé wákàtí mẹ́ta. Ẹ dán káàdì wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ta èyí tó kọ 64 fún mi rí tí inú ẹ̀ ò ju 8 lọ, ọjọ́ òkú ìyá ìyá ẹnìkan ni mo mọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, mi ò sọ pé kẹ́ni má rà á. Ó fúyẹ́, kò tó ìgò mínírà kan lọ́wọ́, wáyà USB wà lára okùn ìdìmú ẹ̀, ẹ lè fi power bank chaji ẹ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ. Kì í sì í dá dúró láàárín ìwàásù. Ẹ ṣáà rí kámẹ́rà fọ́tò ńlá wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ló máa ń dákẹ́ ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59, torí owó bodè ilẹ̀ Yúróòpù ni, nígbà yẹn wọ́n ń gba èyí tó pọ̀ lórí ohun tó bá ya fídíò dé ìṣẹ́jú 30. Fóònù ní tiẹ̀, ẹnìkan á pè yín nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí sọ̀kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún máa kọ nípa kámẹ́rà, ẹ bá wa kọ ti lẹ́ǹsì, ti ihò máìkì àti 50 àbí 60, kẹ́ ẹ fi 350 sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta á.

Ẹ gbà mí láyè kan sí i, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì MiniDV méjìlá nílé, ti ọdún 2003, ohùn bàbá mi wà nínú mẹ́ta nínú ẹ̀. Kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́, wáyà FireWire tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ló já. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé tí kò lò ó mọ́, kó jẹ́ kí olóòtú mọ̀, màá wá gbà á níbikíbi tó bá wà, màá sì san owó ẹ̀.

Èmi ni, oní-fídíò kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn