Ẹ Kọ́ Wa Bí A Ó Ṣe Máa Wọn Agbára Ẹni Tó Ti ICU Dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá àwọn ilé ìwòsàn wa sọ nípasẹ̀ ìwé ìròyìn yín, nípa àwọn tí àìsàn líle ti fẹ́ pa, tí wọ́n sì ti padà sílé.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn ẹ̀dọ̀fóró gbé màmá mi, ẹni ọdún 62, dé ICU, ìyẹn ẹ̀ka ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọjọ́ 16 ni wọ́n lò níbẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn mí fún ọjọ́ 9 nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, oògùn oríṣi mẹ́fà ni wọ́n kó fún wa, wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó sọ bí a ó ṣe mọ̀, kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, bóyá ara ń lọ síwájú ni tàbí ó ń fà sẹ́yìn.

"Ara ti ń yá" ni gbogbo wa ń wí. Àlejò á ní ojú màmá ti mọ́, màmá náà, tí kò fẹ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni bà jẹ́, á ní ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń dì wọ́n mú lọ sí ilé ìwẹ̀ mọ bí itan wọn ti rù tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde lọ́dún 2013, fi hàn pé láàárín ọjọ́ 10 péré, iṣan iwájú itan àwọn tó wà ní ICU dín kù ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í padà lọ́sàn-án kan òru kan.

Ìbátan wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ wa ní ohun tí a ṣe. A gbé àga ti ògiri, màmá káwọ́ lé àyà, a sì ka iye ìgbà tí wọ́n lè dìde dúró ṣánṣán kí wọ́n tún jókòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹnì kan dúró tì wọ́n. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, òdo ni. Obìnrin ọjọ́ orí wọn yẹ kó lè ṣe é tó ìgbà 12. Àga kan náà ni a ń lò láràárọ̀ Sátidé, nítorí àga gíga a máa purọ́. Ìdánwò mìíràn tún wà, tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe lè rìn jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn tó mítà 30 ni wọ́n ń lò fún un. Tiwa kò tó ìdajì.

Òdo ni ti Sátidé àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó di 2, ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ó ti di 7. Màmá, tí wọ́n ti ń ta gààrí ní Bódìjà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, fi tiwọn kún un: wọ́n ń wo ibi tí gààrí gbọ́dọ̀ dé nínú kóńgò kí ọwọ́ wọn tó máa gbọ̀n bí wọ́n bá gbé e. Ní Sátidé kẹsàn-án, 7 já wálẹ̀ sí 3. Wọ́n ní àìsùn ni. Ara wọn kò gbóná, ikọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń kọ ọ́ sí kò jẹ́ kí a gbà. Ilé ìwòsàn ni a gbà lọ lọ́jọ́ náà, dókítà sì rí i pé àkóràn ti tún ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ kó ṣe èyí. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, kò gbọdọ̀ dán an wò. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ilé ìwòsàn ṣe ìdánwò àga yìí fún aláìsàn lójú àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, kí wọ́n kọ iye àkọ́kọ́ sára ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù tí a lè pè síbẹ̀, bí iye náà bá já wálẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.